Ọjọ́ Tí Marion Tún Dé Oko Bàbá Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun rere nípa Marion Utting, ẹ má lọ bi Clive Gotts, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wọn, ilé oko tó wà lẹ́yìn àbàtà ní apá àríwá àgbègbè Norfolk níbí ni wọ́n sì ti jọ dàgbà. Síbẹ̀, ó di ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti ń pàdé lójú ọ̀nà tí ẹnì kan kì í kí ẹnì kejì. Bí Marion bá wà ní ṣọ́ọ̀bù alápatà, Clive á dúró síta nínú òjò títí á fi jáde. Bí Clive bá jókòó sápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, Marion á gba apá òsì, á wá máa kọrin ju gbogbo ìjọ lọ, kí Clive lè mọ̀ pé òun kò tíì kú.

Ilé kẹta sí ti Marion ni mò ń gbé, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì, iṣẹ́ náà sì jẹ́ kí apá rẹ̀ le bí igi. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ken, ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, máa ń sọ pé bí Marion bá kí èèyàn káàárọ̀, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ tú u wò bóyá èébú wà nínú rẹ̀. Ẹyẹ nìkan ló ń rọ ohùn rẹ̀. Bí ó bá rí ẹyẹ, á dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fún lọ́yàn.

Percy Gotts, bàbá wọn, ló fi ẹyẹ mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni Percy. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, á kan ilẹ̀kùn Marion lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà, ó di pápá olómi tó wà nísàlẹ̀ ilé. Koríko gígùn ni gbogbo ibẹ̀, omi ń dán láàárín rẹ̀. Ibẹ̀ ni píwíìtì ń yé sí nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. Igbe ẹyẹ yìí ló sọ ọ́ lórúkọ: ẹyẹ tó ní ògbe gígùn lórí, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí epo tó dà sójú omi. Percy á nawọ́ sí i, Marion á mi orí, wọ́n á padà wálé láìsọ gbólóhùn kan.

Kì í ṣe ìyẹn ni Clive mọ̀ nípa pápá náà. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ síbẹ̀ bí ọmọ màlúù bá rì sínú ẹrẹ̀. Òun ló ń so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, òun ló ń fà á, nígbà mìíràn á ti kú kí ó tó jáde.

Nígbà tí Percy kú, Clive ló jogún oko. Marion kò jà sí i, ó ní òun kò mọ oko dá. Ṣùgbọ́n lórí ibùsùn àìsàn, Percy ti sọ ọ̀rọ̀ kan létí àwọn méjèèjì nípa pápá olómi náà. Ó ní, "Ẹ má tú u." Ọdún kejì kò tíì pé tí Clive fi ri páìpù mọ́lẹ̀, tó fa omi ibẹ̀ gbẹ, tó wa katakata wọ̀ ọ́, tó sì gbin gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà sí i. Píwíìtì padà dé bí iṣe wọn. Wọ́n ń fò yíká lókè ilẹ̀ dúdú náà, wọ́n ń ké, wọn kò rí ibi bà lé. Marion dúró lẹ́nu géètì, ó ń ṣépè fún àbúrò rẹ̀. Lórí katakata ni Clive ti dá a lóhùn pé:

"Ṣé ẹyẹ ló máa bọ́ mi ni? Kí wọ́n lọ wá ibòmíì kú sí!"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pin láàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àìsàn jẹjẹrẹ pa Janet, ìyàwó Clive, obìnrin tí kò ní ọ̀tá kan láyé. Gbogbo abúlé ló lọ síbi ìsìnkú, àfi Marion. Àwọn tó ń gbé òkú kọjá rí i níwájú ilé rẹ̀, ó ń sá aṣọ sórí okùn. Clive náà rí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ Sátidé yẹn, nínú oṣù Ọ̀kítóbà, ìgbà tí ewé igi ń pọ́n tó ń rẹ̀ dànù. Trevor Bunn, tó máa ń pín lẹ́tà ní abúlé wa tẹ́lẹ̀, ló gbé wa jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n dùn mọ́ Trevor ju oúnjẹ lọ. A kò ní ju pé ká lọ wo ẹyẹ létíkun, ká jẹ búrẹ́dì, ká mu tíì, ká padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí Marion ti wọnú ọkọ̀ ló ti yínmú.

"Trevor, ṣé ajá kú sínú ọkọ̀ yìí ni?"

"Kò tíì sí òkú níbẹ̀. Ìwọ lèèyàn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lónìí."

"Màá gbá ẹ létí."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀."

Létíkun, afẹ́fẹ́ ń gbá wa lójú bí ẹni tó ń bínú sí wa. Lójijì ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá tó ń sá fún yìnyín ilẹ̀ àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojú òkun, ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń ké gbà-gbà-gbà, títí wọ́n fi bo ojú ọ̀run. Marion gbé awò awọ̀nàjíjìn rẹ̀ sójú, ó ń fi tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ti ń kọjá. A jókòó sẹ́yìn òkìtì iyanrìn, a jẹ búrẹ́dì oníwàràkàṣì, mo sì rò pé ọjọ́ náà máa rọ̀ wá lọ́rùn.

Fóònù Trevor ló bà á jẹ́. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ dìde! Ẹyẹ kan ti já bọ́ láti Síbéríà, ibi yìnyín lọ́hùn-ún! Wọ́n rí i ní àárọ̀ yìí."

"Níbo?" ni Marion bèèrè.

"Kò jìnnà," ni Trevor wí, ó sì ti ń kó fúláàsì sínú báàgì.

A wà lójú ọ̀nà kí Marion tó fura. Nígbà tí ọkọ̀ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn àtijọ́, ó nàró lórí ìjókòó.

"Trevor, yí ọkọ̀ yìí padà."

"Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, Marion. Òfin fún gbogbo èèyàn láti gba ibẹ̀."

"Oko Clive lò ń mú mi lọ!"

"Ẹ̀gbẹ́ oko Clive. Bí ẹ̀rù ẹ̀ bá ń bà ọ́, jókòó sínú ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ta á lára. Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa, ó ti ṣílẹ̀kùn. "Ẹ̀rù ta ni? Ẹ̀rù Clive?" Ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó ṣíwájú wa.

Ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún tó ga ju èèyàn lọ ni wọ́n fi pààlà oko náà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lápá kan, kòtò omi wà lẹ́bàá rẹ̀, lápá kejì sì ni ilẹ̀ tí ó jẹ́ pápá olómi tẹ́lẹ̀, tí Clive ti gbin àlìkámà sí lọ́dún yìí. Àwọn awo-ẹyẹ, àwọn tó máa ń wá ẹyẹ wò káàkiri, ti kún ibẹ̀, tàwọn tawò àti kámẹ́rà tó gùn bí ìbọn. Kò sáyè tó lójú ọ̀nà, àwọn kan sì ti fo géètì, wọ́n dúró lórí àlìkámà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa ló ń darí gbogbo wọn bí ẹni pé òun ló bí ẹyẹ náà.

"Ẹ rọra! Ẹ rọra! Ó wà lápá òsì, lára ẹ̀ka tó tẹ̀ yẹn!"

A dúró lẹ́nu géètì, a sì rí i. Kò tó àtàǹpàkò mi. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní ìlà ofeefee lókè ojú, kò sì dúró jẹ́ẹ́ rárá, ó ń jó láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń ṣa kòkòrò jẹ. Mo wo Marion. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo rò pé ó ti gbàgbé ibi tó dúró sí.

Ìgbà náà ni a gbọ́ katakata.

Clive ló ń bọ̀ lórí rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ọgbà wà lára rẹ̀ bí apá irin. Ọkùnrin gíga ni, ó wọ fìlà tó ti gbó. Ó dúró níwájú àwọn èèyàn náà, ó pa ẹ̀rọ, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ kúrò lọ́nà."

Oníjákẹ́ẹ̀tì pupa ta síwájú. "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ti Síbéríà wá. Ẹ gé e lọ́la."

"Lọ́la, òjò á ti rọ̀, katakata á rì. Ẹ̀rọ yìí kì í sì í ṣe tèmi, lónìí ni mo máa dá a padà."

"Ẹ wo gbogbo ọ̀nà tó rìn!"

"Ta ló ránṣẹ́ pè é?" Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí àlìkámà rẹ̀, ó rí ipa bàtà káàkiri. "Ta ló ní kí ẹ wọbí? Ta ló sọ oko mi dọjà?"

"Ọ̀gá, koríko lásán mà ni."

"Koríko tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì tí ò ń jẹ nìyẹn, ọmọ ìlú ńlá!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Etí Clive pọ́n. Ó ń wo ojú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ti rí Marion.

"Hẹn-ẹn! Mo mọ̀! Ìwọ lo kó wọn wá!"

Trevor la ẹnu láti sọ pé òun ni, ṣùgbọ́n Marion tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tó fi gbin. Dípò kí ó sọ òtítọ́, ó fi ọwọ́ lé ìdí.

"Bí mo bá kó wọn wá ńkọ́? Kí lo máa ṣe? Ṣé o máa tú èmi náà ni, kí o gbin ṣúgà sí mi lórí?"

"Kúrò lórí ilẹ̀ mi."

"Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni mo dúró sí. Ilẹ̀ bàbá wa ló sì wà níwájú mi, bàbá tí o kọ etí dídi sí kí iyẹ̀pẹ̀ orí ẹ̀ tó gbẹ."

"Bàbá wa?" Clive fi fìlà gbá itan ara rẹ̀. "Bàbá wa wo? Èmi ni mò ń bá ẹrẹ̀ jìjàkadì nígbà tí ìwọ àti bàbá wa ń wo ẹyẹ! Ìwọ ló ń kanlẹ̀kùn fún. Ṣé ó kan tèmi rí? Lẹ́ẹ̀kan péré?"

Mo ti mọ Clive tipẹ́, n kò gbọ́ kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó jọ pé Marion náà kò gbọ́ ọ rí, nítorí ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò ní ìdí.

"O ò sọ pé o fẹ́ lọ."

"Ọmọ kékeré ni mí! Mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ti wọ bàtà mi!"

"Ìyẹn lo ṣe tú u? Nítorí ìyẹn?"

"Mo tú u torí pé tèmi ni." Ó wá sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Kò sóhun tí o lè bi mí, Marion. Ìwọ tí ò ń sá aṣọ lọ́jọ́ tí mò ń sin Janet. Mo rí ẹ. Mo rí aṣọ ìrọ̀rí tó wà lọ́wọ́ ẹ."

Oníjákẹ́ẹ̀tì pupa ti gbé fóònù sókè, ó ń ká àwòrán wọn sílẹ̀. Ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rín sí i: "Abájọ tí ìyàwó bàbá yìí fi kú. Ta ló lè bá a gbé?"

N kò mọ ìgbà tí Marion yí padà. Ọ̀pá rẹ̀ ni mo rí tó gbá ọwọ́ ọkùnrin náà, pàà! Fóònù fò lókè, ó lọ balẹ̀ sínú kòtò, ó rì.

"Fóònù mi! Ẹ ti bà á jẹ́! Mo máa pe ọlọ́pàá!"

"Pè wọ́n," ni Marion wí. "Kí lo fẹ́ fi pè wọ́n?"

Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ lẹ́bàá kòtò, ó ń fi ọwọ́ wá fóònù nínú omi. Marion na ọ̀pá sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Bí o bá tún la ẹnu ẹ yẹn nípa ìyàwó ẹlòmíì, ìwọ ni màá jù síbẹ̀ tẹ̀ lé e."

Clive kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò bẹ̀ ẹ́ kí o gbèjà mi."

"Ta ló gbèjà ẹ? Janet ni mo ṣe é fún. Òun fúnra ẹ̀ ló sì ní kí n má wá síbi ìsìnkú òun."

"Irọ́!"

"Mo máa ń yà kí i ní wọ́ọ̀dù bí mo bá gbé aṣọ ìbùsùn débẹ̀. Ó ní, 'Marion, bí o bá wá, ìwọ àti Clive á jà lórí pósí mi. Dúró sílé.' Mo sì dúró sílé. Mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, mo sá a, kí n má baà jókòó sójú kan."

"Irọ́ ni! Láti kékeré lo ti ń pa á!"

Clive gun katakata padà. Bí ẹ̀rọ náà ti bú, ẹyẹ kékeré náà ta jáde láti inú ọgbà, ó fò kọjá lókè àlìkámà, ó wọ inú àwọn igi tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn àtijọ́. Àwọn awo-ẹyẹ pariwo, wọ́n sá tẹ̀ lé e, orí àlìkámà náà ni wọ́n sì tún gbà. Trevor wà lára wọn. Clive kò tilẹ̀ wò wọ́n. Ó na apá irin náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọgbà láti ìkángun kan. Ẹ̀ka àti èso pupa ń ta sókè, ó ń rọ̀ sójú ọ̀nà. Marion dúró wò ó títí ó fi gé e dé ìkángun kejì, n kò sì mọ ohun tó ń rò. Mo bi í bóyá ká lọ. Ó ní kí n yé dá òun láàmú.

Nígbà tí Trevor padà, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun tún rí ẹyẹ náà dáadáa. A ti rìn díẹ̀ nínú ọkọ̀ kí Marion tó sọ̀rọ̀.

"Láti etíkun lo ti mọ̀ pé oko Clive ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yẹn, Marion..."

"Sọ̀ mí kalẹ̀."

"Òjò ti fẹ́ rọ̀!"

"Mo ní sọ̀ mí kalẹ̀!"

Ó bọ́ sílẹ̀. Èmi náà bọ́ sílẹ̀, nítorí kò dáa kí obìnrin àgbà máa dá rìn nínú òjò. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Má tẹ̀ lé mi." Mo bá sọdá sí òdìkejì títì, bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn délé, òjò ń pa wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọlọ́pàá wá lóòótọ́. Ó mu tíì, ó bá Marion wí, Marion bá òun náà wí, ó lọ. Trevor gbé èso ápù wá láti fi bẹ̀ ẹ́. Marion dà á sílẹ̀ fún ẹṣin tó wà nínú pápá lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ wo ẹyẹ.

Nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀, a wà lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù alápatà, èmi àti Marion àti àwọn mìíràn, ni Clive bá ṣílẹ̀kùn. Kò dúró síta. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá dúró ti Marion lẹ́gbẹ̀ẹ́. Alápatà dá ọ̀bẹ dúró.

"Kí ni Janet sọ gan-an?"

"Mo ti sọ ọ́ fún ẹ."

"Tún un sọ."

Marion tún un sọ, kò yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé, "Ó ní bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ lo máa wọ̀ lọ síbi ìsìnkú òun, torí pé dúdú yẹn ń fún ẹ lẹ́sẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹ́ ní yẹ̀yẹ́."

Mo wà níbi ìsìnkú yẹn. Mo rántí bàtà náà láàárín gbogbo bàtà dúdú, àti bí àwọn kan ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nípa rẹ̀. Clive wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹlòmíì lè ti sọ ìyẹn fún ẹ."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Alápatà na sọ́sééjì tó máa ń rà sí i láìjẹ́ kó tò. Ó gbà á. Ó ti di ilẹ̀kùn mú kí ó tó tún sọ̀rọ̀, kò wẹ̀yìn.

"Pápá yẹn, mi ò ní dá a padà sómi."

"Ta ló bi ẹ́?" ni Marion wí.

Clive jáde. A ń gbọ́ bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dún lójú ọ̀nà. Marion bá kọjú sí alápatà.

"Gé ẹran mi fún mi, jàre, kí o sì pa ẹnu ẹ dé."